Ìdí Igi Méjì, Ọkọ̀ Kan

Àwọn àgbà ìdílé Bẹ̀llò ní Sábó, Ṣàgámù, ni wọ́n fọwọ́ ara wọn dá wàhálà yìí sílẹ̀, mi ò sì ní bá wọn bò ó mọ́lẹ̀. Nígbà tí Àlájì Bẹ̀llò olóbì kú lọ́dún 1971, ìyàwó méjì ló gbẹ̀yìn rẹ̀, pẹ̀lú ilé méjì àti ọkọ̀ Mọ́ríìsì dúdú kan tó ti rà láti ọdún 1954. Ilé kò ṣòro pín: ìyálé mú ọ̀kan, ìyàwó mú ọ̀kan. Ọkọ̀ ló kù. Ẹyọ kan ni, bẹ́ẹ̀ ìdí igi méjì ló ń wò ó. Áfà ní kí wọ́n tà á, kí kálukú máa lọ sílé rẹ̀ ní àlàáfíà. Àwọn àgbà ní ó tì o, bàbá ti sọ kó tó kú pé àjèjì kò gbọdọ̀ wa ọkọ̀ òun. Níbi fídáù ogójì ọjọ́ gan-an ni Fàsásì, àkọ́bí ìyálé, ti fi orí kan ọbàkan rẹ̀ lẹ́nu, tí eyín méjì já bọ́ sínú abọ́ ìrẹsì sàráà.

Kí ìjà má bàa di ti àdá, àwọn àgbà jókòó, wọ́n sì gbé ìdájọ́ kan kalẹ̀ tí mi ò gbọ́ irú rẹ̀ rí ní gbogbo ilẹ̀ Rẹ́mọ. Wọ́n pín ọkọ̀ náà sí méjì. Ìdí igi ìyálé mú ara ọkọ̀, ìlẹ̀kùn, ìjókòó, iná àti táyà. Ìdí igi ìyàwó mú ẹ́ńjìnnì tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, àti gíà tó so mọ́ ọn. Wọ́n gbé Kùránì síwájú, tọmọ ìyálé tọmọ ìyàwó sì búra pé ẹnikẹ́ni kò ní béèrè ìdajì ẹnì kejì láéláé. Inú àwọn àgbà dùn, wọ́n pín obì jẹ, wọ́n gba ilé lọ. Ẹ wo ọgbọ́n. Ẹni tó gba ara kò ní ẹ̀mí, ẹni tó gba ẹ̀mí kò ní ara, wọ́n wá ń pe ìyẹn ní ìparí ìjà.

Ọdún mọ́kànlá ni ara ọkọ̀ náà fi wà lórí òkúta ní àgbàlá Fàsásì. Adìyẹ ń yé sórí ìjókòó ẹ̀yìn. Fàsásì fúnra rẹ̀ di olóbì ńlá tí lọ́rì rẹ̀ ń lọ sí Kánò. Ó lọ sí Mẹ́kà, ó dé, ṣùgbọ́n omi Sámúsámù kò pa iná ọwọ́ rẹ̀. Ó ti fi igi agboòrùn ṣẹ́ dírẹ́bà kan lápá rí. Àwọn ará Sábó mọ̀ pé bó bá ti ń yọ òrùka ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí olúwarẹ̀ yáa wá ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, nítorí kò fẹ́ kí ojú òrùka òun fọ́ sí ẹnikẹ́ni lẹ́nu.

Lọ́dún 1982, mọ́sáláásí àdúgbò fẹ́ wé láwàní fún un. Bàbá rẹ̀ gba irú láwàní bẹ́ẹ̀ nígbà tí Fàsásì wà lọ́mọ ọdún méjìlá. Mọ́ríìsì yẹn ló gbé e lọ, Fàsásì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, gbogbo Sábó sì tò sójú ọ̀nà. Láti ọjọ́ náà, kò sí ohun tó wù ú láyé tó kó jókòó sí àyè bàbá rẹ̀ nínú ọkọ̀ náà. Ó ránṣẹ́ pe Ilésanmí mẹkáníìkì, ó ní kó wá jí ọkọ̀ náà dìde kó tó di ọjọ́ láwàní.

Ilésanmí jẹ́ ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, akọrin ni nínú ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, ó sì ní ṣọ́ọ̀bù lójú ọ̀nà Ìpẹ̀rú. Pójò àti Dátísùn ló ń bọ́ ọ, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ àwọn ọkọ̀ àtijọ́ ni ọkàn rẹ̀ wà. Olúkẹ́mi ìyàwó rẹ̀ máa ń sọ pé ká ní ọkọ̀ Ọ́sítìn ni òun, ọkọ òun ì bá máa tètè wálé. Ọlọ́run fún un ní etí kan. Bó bá di ojú lẹ́bàá títì, yóò sọ irú ọkọ̀ tó ń bọ̀ fún ọ, yóò sì sọ ohun tó ń ṣe é. Ohun tí Ọlọ́run kò fún un ni bí a ṣe ń fi irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ sínú. Ó fẹ́ kí gbogbo ayé mọ̀.

Ọ̀sẹ̀ méje ló fi wá pátì, ẹ̀yà ara ọkọ̀ náà, kiri. Ó rí gíláàsì iwájú nílé ọ̀gá ilé-ìwé kan tó ti fẹ̀yìn tì ní Ìpẹ̀rú, tí Mọ́ríìsì tirẹ̀ ti kú sábẹ́ igi máńgòrò. Bàbá náà gbàdúrà gígùn lé ọkọ̀ náà lórí kó tó jẹ́ kó tú u. Ó rí ọwọ́ ìlẹ̀kùn ní Abẹ́òkúta, lára takisí kan tí kò ní táyà. Ní Èkó, níbi tí wọ́n ti ń ta ògbólógbòó irin, òun àti ọkùnrin kan jọ di rédíétọ̀ kan ṣoṣo mú lẹ́ẹ̀kan náà. Ọkùnrin náà fọ́ ìgò mọ́ ọn níwájú orí. Ilésanmí kò jọ̀wọ́ rédíétọ̀. Ó gbé e lé ẹsẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì títí ó fi dé Ṣàgámù, ẹ̀jẹ̀ ń kán sórí irin, inú rẹ̀ sì ń dùn. Àwọn kan wà tí Ọlọ́run dá bẹ́ẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì ni kò rí. Òmíràn ti sán, òmíràn ti dípẹtà mọ́ra. Ní Ẹ̀pẹ́, ó bá ọ̀kan tí àwọn apẹja ń so ọkọ̀ ojú omi wọn mọ́. Nígbà tó wá sọ fún Fàsásì pé kò sí, Fàsásì yọ òrùka mẹ́ta lé orí tábìlì, ó sì gbá a létí tó fi ṣubú lu ògiri. Títí ilẹ̀ fi ṣú lọ́jọ́ náà, etí òsì Ilésanmí kò gbọ́ nǹkan kan.

Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó ń gun máṣíìnì rẹ̀ láti Ìkẹ́nnẹ́ lọ sí Ìlíṣàn. Ó kù díẹ̀ kó wọ ìlú nígbà tó gbọ́ ohùn kan láti inú oko lápá ọ̀tún. Ohùn náà rọlẹ̀, ó dọ́gba, àfi pé ó ń wúkọ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ilésanmí pa máṣíìnì. Ọkàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí lù. Ó ti máṣíìnì wọ inú igbó, ó sì ń tẹ̀ lé ohùn náà títí ó fi yọ sí ahéré onípáànù kan tí àwọn obìnrin ti ń bó ẹ̀gẹ́.

Ó rí i. Wọ́n ti de ẹ́ńjìnnì kan mọ́ orí irin pẹ̀lú síkúrúù, páìpù kan ti inú dúrọ́ọ̀mù omi wá sára rẹ̀ láti máa tù ú, bẹ́líìtì gígùn sì so ó mọ́ ẹ̀rọ ìrinẹ̀gẹ́. Obìnrin gíga kan tó gbẹ ló ń fi igi ti ẹ̀gẹ́ sẹ́nu ẹ̀rọ. Sàrátù ni, ọmọ ìyàwó Àlájì Bẹ̀llò, àbúrò ẹni tí Fàsásì yọ léyín.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá," ni Ilésanmí wí.

"Ṣé ẹ̀gẹ́ lẹ fẹ́ rin?"

"Rárá o. Mọ́ríìsì ọdún 1954 lẹ fi ń rin ẹ̀gẹ́ yìí, ìyá."

Ọwọ́ Sàrátù dúró. "Ta ló rán yín?"

Ó ní kò sí ẹni tó rán òun, etí òun ló mú òun wá. Nítorí pé kò mọ irọ́ pa, ó tún sọ ọkọ̀ ẹni tí òun ń tún ṣe. Sàrátù mú un lọ sẹ́yìn ahéré, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ẹ̀gbọ́n òun ti kú. Ọkọ òun lọ sí Kùtọnú, kò dé mọ́. Òun fi ọwọ́ rin ẹ̀gẹ́ fún odindi ọdún kan láti bọ́ ọmọ mẹ́ta. Ó ṣí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ hàn án, àpá ló kún ibẹ̀. Lẹ́yìn ọdún náà lòun rántí ẹ́ńjìnnì bàbá òun, òun pe wẹ́dà ajórinpọ̀ láti Ṣàgámù, wẹ́dà sì so ó mọ́ ẹ̀rọ. Láti ìgbà náà, àwọn ọmọ òun ń yó. Bánkẹ́, àkọ́bí òun, ti wọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́.

"Fàsásì rò pé a ti tà á fún àwọn onírin," ni Sàrátù wí. "Ẹ jẹ́ kó máa rò bẹ́ẹ̀. Bó bá gbọ́, yóò wá gbé e, ọmọ mẹ́ta nìyẹn."

"N kì í búra, Ìyá Bánkẹ́, ṣùgbọ́n ẹnu mi ti pa dé."

Ó kúnlẹ̀ ti ẹ́ńjìnnì náà, ó ṣí i lórí, ó fi súpánà kékeré mú fáàfù kan le. Ikọ́ náà dáwọ́ dúró. Àwọn obìnrin pàtẹ́wọ́ fún un. Sàrátù bu gàrí gbígbóná sínú ọ̀rá fún un, Ilésanmí sì gbé e lọ sílé bí ẹni tó gba ẹ̀bùn ní ilé-ìwé.

Ẹnu tó ní ó ti pa dé yẹn, ọjọ́ mẹ́ta péré ló lò. Lọ́jọ́ Túsìdeè, Ilésanmí sùn sábẹ́ ara ọkọ̀ náà ní ṣọ́ọ̀bù, jáàkì ló gbé e dúró, ó ń kun irin rẹ̀ ní gírísì. Fàsásì wọlé. Ó ku ọjọ́ mẹ́wàá sí láwàní. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, ó bẹ̀rẹ̀ sí bú u. Ó ní wọ́n purọ́ fún òun pé mẹkáníìkì ni. Ó ní etí tó ń fi yangàn, etí ewúrẹ́ sàn jù ú lọ. Ó ní kò sí Mọ́ríìsì tó ṣì ń mí ní gbogbo Nàìjíríà, bó bá sì wà, irú Ilésanmí kọ́ ló lè tún un ṣe.

Gbogbo èébú ni Ilésanmí gbà mọ́ra àfi ti etí àti ti iṣẹ́. "Ó wà o, Àlájì," ló ké láti abẹ́ ọkọ̀. "Mo tún ọ̀kan ṣe lọ́jọ́ Sátidé. Bí ẹ bá gbọ́ ọ, ẹ ó rò pé àná ló ti ọwọ́ òyìnbó jáde."

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bó ti sọ ọ́ tán ló fẹ́ gbé e mì. Ó ní Ìbàdàn ni, ó ní oníǹkan kò ní tà. Láti abẹ́ ọkọ̀, ẹsẹ̀ Fàsásì nìkan ni Ilésanmí ń rí. Ó gbọ́ tí òrùka kan dún lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó gbọ́ ìkejì. Ó gbọ́ ìkẹta. Lẹ́yìn náà ló rí ọwọ́ Fàsásì lára jáàkì.

"Àlájì, ẹ jọ̀ọ́."

"Níbo ló wà?"

Jáàkì yí. Irin ọkọ̀ sọ̀ kalẹ̀ sórí àyà Ilésanmí, ó sì jókòó síbẹ̀. Ó fẹ́ yí sẹ́gbẹ̀ẹ́, kò sí àyè. Fàsásì tún yí i díẹ̀. Egungun ìhà rẹ̀ kan dún, ó sì fẹ́ pariwo, ṣùgbọ́n kò sí èémí tí yóò fi pariwo.

"Ìlíṣàn," ló wí. "Wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́."

"Ta ni?"

Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé Ilésanmí gbìyànjú láti dákẹ́. Jáàkì tún yí. "Sàrátù," ló wí, omi sì bọ́ lójú rẹ̀ wọ inú etí. Bí ẹnikẹ́ni bá ní bó bá jẹ́ òun ni, òun kò ní jẹ́wọ́, kó lọ sùn sábẹ́ ọkọ̀ ná.

Kò sùn lóru náà, Olúkẹ́mi sì fi ìró di àyà rẹ̀. Kó tó rí okun kó lọ kìlọ̀ fún Sàrátù, ilẹ̀ ti mọ́, lọ́rì Fàsásì sì ti dúró sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Àgbèrò méjì láti gáréèjì ló bá Fàsásì wà nínú rẹ̀, ọ̀kan mú ọ̀pá irin, èkejì wé ṣéènì mọ́wọ́. Wọ́n ju àpótí súpánà rẹ̀ sẹ́yìn lọ́rì, wọ́n ju òun náà tẹ̀ lé e. Lójú ọ̀nà, ó ń gbàdúrà kí ẹ́ńjìnnì náà ti kọṣẹ́. Kí wọ́n tó dé ibẹ̀ rárá ló ti gbọ́ ọ, ó ń dún geere, bó ti tún un ṣe.

Sàrátù ló kọ́kọ́ rí wọn. Ó wo Fàsásì, ó wo àwọn àgbèrò, lẹ́yìn náà ló wo Ilésanmí. Ojú ti Ilésanmí tó bẹ́ẹ̀ tí kò rántí ìhà tó ń dùn ún mọ́.

"Ẹ káàárọ̀, bọ̀ọ̀dá," ni Sàrátù wí. "Kí ló gbé yín dé oko?"

"Ohun bàbá mi ni mo wá gbé."

"Ohun bàbá wa ni, ẹ sì ti mú tiyín. Ẹ fọwọ́ lé Kùránì, èmi náà wà níbẹ̀."

"Bàbá kò ra ọkọ̀ kí o fi rin ẹ̀gẹ́."

"Bàbá kò bí mi kí n fi ọwọ́ rin ín títí n ó fi kú."

Fàsásì bẹ̀rẹ̀ sí yọ òrùka. Sàrátù rí i, ó tẹ̀ síwájú ẹ́ńjìnnì, ó sì fa àdá tí wọ́n fi ń gé ìdí ẹ̀gẹ́ yọ. Àgbèrò tó mú ṣéènì rò pé eré ni. Ó na ọwọ́ láti gba àdá náà. Sàrátù ṣá a lápá, ẹran là, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ta sórí òkìtì ẹ̀gẹ́ funfun. Èkejì gbé ọ̀pá irin sókè, ó sì là á mọ́ ọn ní orúnkún. Gbogbo wọn ló gbọ́ ìró egungun. Sàrátù ṣubú. Fàsásì fi bàtà tẹ ọwọ́ rẹ̀ títí àdá fi bọ́, ó ta àdá náà dànù, ó sì tún fi ẹsẹ̀ kan náà gbá a nínú lẹ́ẹ̀mejì.

Àwọn obìnrin dìde pẹ̀lú ọ̀bẹ àti abọ́. Wúlẹ̀mọ̀tù, àgbà láàárín wọn, ju abọ́ onírin lu àgbèrò tó mú ọ̀pá irin lágbárí. Àgbèrò náà fi ọ̀pá gbá a ní ìkùn, ó ti àwọn yòókù sẹ́yìn, wọ́n sì gbá dúrọ́ọ̀mù omi dànù láàárín rúkèrúdò náà. Páìpù já. Omi tó ń tu ẹ́ńjìnnì lára ṣàn wọ inú ẹrẹ̀.

"Àlájì, omi ti dànù," ni Ilésanmí wí. "Ẹ jẹ́ kí n pa ẹ́ńjìnnì yẹn, yóò gbóná jù."

"Má pa á."

Fàsásì dúró tì í, ó gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń gbọ́ ọ. Ọdún mọ́kànlá ni kò ti gbọ́ ọ. "Bàbá mi nìyí," ló wí, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀ sórí irùngbọ̀n. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ẹsẹ̀ gbá ọmọ bàbá rẹ̀ nínú ló ń sunkún irin yìí, ẹkún náà kì í sì í ṣe ti ẹ̀tàn. Ìyẹn ló bí mi nínú jù nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Nígbà tó sunkún tó, ó fi apá agbádá nu ojú. "Ó tó. Pa á, kí o tú u."

Ilésanmí mú súpánà kan nínú àpótí rẹ̀, ó wò ó. Ó wo Sàrátù nílẹ̀, tí orúnkún rẹ̀ ti wú. Ó ju súpánà náà sínú igbó. "N kò ní tú u, Àlájì."

"Ìwọ tó fi ẹnu ara rẹ sọ ibi tó wà?"

"Ẹnu mi ló sọ ọ́. Ọwọ́ mi kò ní bá a lọ́wọ́ sí i."

Fàsásì gbá a lẹ́nu, ètè rẹ̀ là. Ó tún gbá a. Ilésanmí kò gbé ọwọ́ sókè. Nígbà náà ni Fàsásì di ọrùn ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mú, ó pe àgbèrò tó mú ọ̀pá irin kó di èjìká rẹ̀, wọ́n sì wọ́ ọ lọ sẹ́nu ẹ̀rọ ìrinẹ̀gẹ́, níbi tí irin eléyín ti ń yí pẹ̀lú ariwo.

"Ọwọ́ tí kò bá ní tú u, kò wúlò fún mẹkáníìkì," ni Fàsásì wí. "Ṣé o ó tú u?"

Ilésanmí tàdí mẹ́yìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yọ̀ nínú ẹrẹ̀. Ó mọ ohun tí ìka jẹ́ fún ẹni tó ń fi ìka jẹun. Ẹ̀rù bà á tó fi tọ̀ sára. Síbẹ̀, kò sọ pé òun yóò tú u. Wọ́n ti ọwọ́ náà wọlé. Orí ìka gígùn ló kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn náà ti ìka tó tẹ̀ lé e. Igbe tó ké, wọ́n gbọ́ ọ lójú títì.

Sàrátù gbọ́ ọ nílẹ̀ tó wà. Àdá jìnnà sí i. Ohun tó súnmọ́ ọn ni abọ́ ńlá tí wọ́n fi ń fọ ẹ̀gẹ́, omi tútù kún un dé ẹnu. Ẹ́ńjìnnì ti gbóná kọjá ààlà lákòókò yìí, ọ̀dà ara rẹ̀ ti ń jó, èéfín rẹ̀ sì ń ta ni lójú. Kò sí ẹni tó ń fi ẹ̀rọ jẹun tí kò mọ ohun tí omi tútù ń ṣe fún irin tó bá gbóná tó bẹ́ẹ̀. Sàrátù mọ̀. Ó wo ẹ́ńjìnnì tó fi tọ́ ọmọ mẹ́ta. Ó wo ọkùnrin tó tà á fún ọ̀tá, tó ń ké lẹ́nu ẹ̀rọ. Kò pẹ́ lórí rẹ̀ bí mo ṣe ń pẹ́ lórí rẹ̀ yìí. Ó fi orúnkún kan wọ́ ara rẹ̀ dìde, ó gbé abọ́ náà, ó sì da gbogbo omi inú rẹ̀ lé ẹ́ńjìnnì lórí.

Irin náà dún gbàù. Oru gbígbóná bo gbogbo ahéré, bẹ́líìtì yí lẹ́ẹ̀mejì sí i, ó dúró. Irin eléyín dúró pẹ̀lú ìka kẹta Ilésanmí lára rẹ̀, ó ti bó o láwọ̀, kò tíì jẹ ẹ́.

Nígbà tí oru náà túká, gbogbo wọn rí i. Ẹ́ńjìnnì ti là láti òkè dé ìsàlẹ̀, omi dúdú sì ń ṣàn níbi tó ti là. Ilésanmí, pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ tó ń dà lọ́wọ́ rẹ̀, wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó sì mọ̀ pé kò sí wẹ́dà tó lè jó irú irin yẹn pọ̀ mọ́.

Fàsásì fi í sílẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbá ẹ́ńjìnnì náà mọ́ra. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ dún ṣàà lára irin, awọ lẹ̀ mọ́ ọn, ó sì pẹ́ kó tó fà á kúrò. "O ti pa á," ló ń wí. "O ti pa á."

"Ẹ máa gbé e lọ, bọ̀ọ̀dá," ni Sàrátù wí láti ilẹ̀. "Mo ti yọ̀ǹda ìdajì tèmi fún yín."

Àwọn obìnrin ti tún ń bọ̀, lọ́tẹ̀ yìí àdá wà lọ́wọ́ gbogbo wọn. Àwọn àgbèrò ti wà nínú lọ́rì. Fàsásì dìde, ó na ọwọ́ tó bó síwájú bí ẹni tó fẹ́ tọrọ nǹkan, ó sì lọ láìgbé ohunkóhun. Wọ́n wé láwàní fún un lọ́jọ́ tó yẹ, mo gbọ́. Ẹsẹ̀ ló fi rìn lọ, kò sì lè bọ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Wúlẹ̀mọ̀tù fa aṣọ ìdikù rẹ̀ ya, ó fi di ìka Ilésanmí. Àwọn méjì gbé Sàrátù jókòó ti ògiri, wọ́n fi igi méjì ti orúnkún rẹ̀, wọ́n sì dè é. Ilésanmí rákò dé iwájú rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ nínú ẹrẹ̀.

"Ìyá Bánkẹ́, ẹ dárí jì mí."

Sàrátù kò wò ó. Òkìtì ẹ̀gẹ́ tí àwọn obìnrin ti bó láti àárọ̀ ló ń wò. Ti oníbàárà ni, bó bá di ọ̀la, yóò ti kan. Ó ní kí ẹnì kan sáré wọ ìlú lọ kó páànù tí wọ́n ti fi ìṣó lu ní ihò wá. Nígbà tí wọ́n kó o dé, ó mú ọ̀kan lé itan ara rẹ̀, ó sì na ọ̀kan sí Ilésanmí.

"Ọwọ́ òsì rẹ ṣì pé," ló wí. "Jókòó."

Ilésanmí jókòó. Ó mú ẹ̀gẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí fi ọwọ́ òsì rin ín, ìhà ń ro ó bó ti ń lọ, tó ń bọ̀. Kò tíì rin ẹyọ mẹ́ta tán tí páànù fi bó o ní ìka. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Sàrátù ń rin tirẹ̀ kíákíá, kò sọ̀rọ̀. Oòrùn dé àtàrí, òkìtì náà kò jọ pé ó dínkù. Àwọn obìnrin ti ń lọ sílé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ilésanmí rọra béèrè ìgbà tí òun lè máa lọ.

"Ìgbà tí o bá rí ẹ́ńjìnnì," ni Sàrátù wí, ó sì ti ẹ̀gẹ́ mìíràn sí i lẹ́sẹ̀.